Ìlà Kẹrin ní Pákì Kessler

"Ta ló rin ìlà kẹrin?" Bàbá Stancik ló béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé ìlú wa, níbi tí ẹgbẹ́ awárin wa, àwa tó ń fi ẹ̀rọ wá irin àti owó nínú ilẹ̀, máa ń ti pàdé. Àwa méje la jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan ń ro kọfí rẹ̀, ẹnì kan ń wo bàtà rẹ̀. Èmi tí mo mọ ìdáhùn tẹjú mọ́ ìgò gíláàsì ńlá tí a ń da pàǹtí tí a bá wà sí, tó máa ń wà láàárín tábìlì, mò ń wò ó, n kò sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rù ti bò mí lójú.

Èmi ni. Èmi Tobin Lasker ni mo rin ìlà kẹrin. Mo kọ ọ́ síbẹ̀rẹ̀ báyìí kí ọwọ́ mi má baà rí ọ̀nà sá gbà. Ọjọ́rú la wà yìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá. Mo jókòó sí tábìlì kan náà, ìgò kan náà ló wà níwájú mi. Ní aago mẹ́fà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ máa dé, màá gbé ìwé yìí lé yín lọ́wọ́, nítorí mo mọ ara mi: bí mo bá ní kí n fi ẹnu sọ ọ́, ẹnu mi á yí i padà kó tó dé etí yín. Ọ̀la, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Jolene Pruitt máa dúró níwájú adájọ́, á sì gbà pé òun jí òrùka tí òun kò jí. Òótọ́ ní láti hàn kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá dúró níta ni mò ń dá ìwé kíkọ dúró láti gbọ́ bóyá ọlọ́pàá ni.

Ẹ mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹni tí kò mọ̀ mí ka èyí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí. Mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò, síbẹ̀ láàárín ọdún méjì mo ti fi iṣẹ́ mẹ́ta sílẹ̀, nítorí pé nǹkan tí mo bá ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kì í wù mí mọ́. Ohun tó ta kókó ni mo fẹ́ràn. Bí okùn bá ta kókó lọ́wọ́ ẹlòmíì, inú á bí i. Inú tèmi á dùn. Ìyá mi máa ń sọ pé, "Tobin, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wàá tú kókó kan tán, wàá rí i pé ọwọ́ ara rẹ ló wà nínú rẹ̀." Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín ni.

Ẹ̀rọ awárin ni kókó tó pẹ́ jù lọ́wọ́ mi. Ọ̀pá gígùn kan ni, àwo rìbìtì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ojú kékeré tó ń fi nọ́ńbà hàn wà lókè. Bí o bá ń fì í lórí ilẹ̀, á máa ké sí ọ létí. Irin á kùn bí ẹlẹ́dẹ̀. Owó fàdákà á dún bí agogo kékeré, nọ́ńbà rẹ̀ á sì lé ní ọgọ́rin. Àárín àwọn méjèèjì ni gbogbo pàǹtí ayé wà: bébà tí wọ́n fi wé súìtì, ìdérí ìgò, àti etí agolo. Etí agolo ni ohun rìbìtì kékeré tó ní ahọ́n, tí a máa ń fà kí agolo bíà tó ṣí. Pákì Kessler sì ni ìlú etí agolo. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí àwọn ará Ohio tiwa níbí ti ń lọ mu bíà níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n ń fa etí agolo, tí wọ́n ń jù ú sẹ́yìn. Bí o bá tan ẹ̀rọ níbẹ̀, ariwo rẹ̀ á dà bíi ti ọjà tó ń jóná. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti pa ibẹ̀ tì. Peg Dombrowski, igbákejì olórí wa, máa ń ní, "Ẹni tó bá ní ọ̀tá ni kó rán an lọ sí Kessler."

Èmi ò pa á tì. Oṣù mẹ́rin ni mo fi to ẹ̀rọ mi nítorí pákì yẹn nìkan. Mo yọ àwo ńlá, mo fi èyí tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ sí i, kó má baà gbọ́ ohùn mẹ́ta pa pọ̀. Mo dín agbára ìgbọ́ràn rẹ̀ kù, nítorí láàárín ariwo, ẹni tí etí rẹ̀ mú jù ni kì í gbọ́ nǹkan kan. Mo kọ́ bí a ṣe ń rìn bí ìgbín. Paríparí rẹ̀, mo pa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́ láti ogún dé àádọ́rin: ohunkóhun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá bọ́ sáàárín ibẹ̀, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún mi. Mo fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bọ́tìnì kan ṣoṣo. Bí mo bá tẹ bọ́tìnì yẹn, Kessler á dákẹ́ rọ́rọ́, fàdákà nìkan ni yóò máa pè mí. Mo tún rí àwòrán àtijọ́ kan nínú ilé ìkàwé yìí, tó fi ibi tí pèpéle àwọn afunfèrè wà hàn kí wọ́n tó wó o. Mo fi igi óákù méjì àti ẹ̀rọ omi mímu wọn ibẹ̀ títí mo fi mọ̀ ọ́n déédéé. Níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti jókòó sórí koríko gbọ́ orin, owó á ti bọ́ lápò wọn. Ọjọ́ tí màá wà á ló kù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó bá dákẹ́ fún etí agolo ti dákẹ́ fún wúrà náà nìyẹn. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tí kò mọ èyí. Òrùka ìgbéyàwó àti etí agolo, ohùn kan náà ni wọ́n fi ń ké, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń mú wá. Ìdí nìyẹn tí a fi ní òfin fún ọjọ́ tí a bá ń bá ènìyàn wá òrùka tó sọnù: irin nìkan la lè pa lẹ́nu mọ́, ohun yòókù tó bá ké, a gbọ́dọ̀ wà á, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún etí agolo. Ọ̀fẹ́ la ń wá a, kéèkì nìkan la máa ń gbà. Bàbá Emil Stancik, tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tó ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, kì í jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láìsọ ọ́: "Ẹ ní sùúrù fún pàǹtí o. Ìyàwó ẹlòmíì wà láàárín rẹ̀." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, a ó sì lọ kúnlẹ̀ sínú pàǹtí.

Opó ni Ìyá Lorene Hatch, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìka rẹ̀ ti rù, òrùka wúrà ìgbéyàwó rẹ̀ ti ń ṣe wọlọwọlọ lórí rẹ̀. Jolene Pruitt ló ń tọ́jú rẹ̀: òun ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóògùn, tó ń tì í lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹsàn-án, ìjọ wọn lọ ṣe fàájì ní Kessler. Ìyá jẹ àgbàdo sísun, bọ́tà dà sí i lọ́wọ́, Jolene fi omi ọṣẹ nù ún. Nígbà tí wọ́n máa fi délé, òrùka kò sí níka mọ́. Curtis, ọmọ Ìyá, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ pákì. Ó ní ẹni tó ń nu ìyá òun lọ́wọ́ ló mọ ibi tí òrùka wà. Jolene fúnra rẹ̀ ló pe Bàbá Stancik lórí fóònù pé kí ẹgbẹ́ wa gba òun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí. Ẹni tí wọ́n ń pè lólè ló ranṣẹ́ sí àwọn tó lè rí ẹrù náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e la lọ. Òjò ti rọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Bàbá fi okùn pín ibi tí ìjọ jókòó sí ìlà mẹ́jọ, láti ibi ẹ̀rọ omi mímu dé ìdí igi óákù kejì. Nítorí pé ara ẹnì kan nínú wa kò yá, Bàbá gba ìlà méjì, ìkẹta àti ìkarùn-ún. Ìkẹrin bọ́ sí mi lọ́wọ́. Jolene ń gbé kọfí àti páì ápù kiri fún wa. Ó sọ bí òrùka náà ṣe rí: ó tinrin, àmì pẹlẹbẹ kan wà lára rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e nígbà tí ìka Ìyá wú, tí wọ́n sì tún jó o pọ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró, ó wo ẹ̀rọ mi, ó ní, "Nǹkan yín yìí jọ ìgbálẹ̀ tó ń sunkún." Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá sún mọ́ mi, ó ní, "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, wá a dáadáa. Bí ẹ ò bá rí i, èmi ni wọ́n máa mú." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n. Bó bá wà nílẹ̀ yìí, a ó rí i."

Ohun tí mo rí nígbà tó kúrò níwájú mi ni àárín pèpéle àwọn afunfèrè. Ìlà kẹrin gba ibẹ̀ kọjá gan-an. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń lá àlá ibẹ̀, okùn sì ti so ó fún mi bí ẹni pé ogún mi ni. Mo gbìyànjú bí òfin ṣe wí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀rọ ń pariwo, mo wa etí agolo mẹ́fà láìtíì rin ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Mo wò yíká. Olúkúlùkù ló wà lórí eékún rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì mi, ìlà kẹrin sì dákẹ́.

Láti ìgbà náà, n kò wá òrùka mọ́, owó ni mò ń wá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tó bá di ìparí, a máa da àpò pàǹtí wa sínú ìgò, bí àṣà wa, kí a lè wọ̀n ọ́n ní ìparí ọdún, kí ẹni tó kó jù gba fìlà. Bí àpò mi bá fúyẹ́, wọ́n á mọ̀ pé n kò wa nǹkan kan. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀, mò ń fi ìka ha ojú koríko, mò ń kó àwọn etí agolo tó wà lókè, tẹrẹ̀tẹrẹ̀, mò ń jù wọ́n sápò kí ó lè wúwo. N kò wò wọ́n. Ojú mi wà lára nọ́ńbà. Ní ẹsẹ̀ bíi mẹ́wàá sí ẹ̀rọ omi mímu, ó dún. Àádọ́rùn-ún. Ẹ̀kúnwọ́ ẹrẹ̀ àti etí agolo kan wà lórí ibẹ̀. Mo gbá a sínú àpò, mo ki ọ̀bẹ bọlẹ̀, mo yọ àbọ̀ dọ́là fàdákà kan tí ọdún 1917 wà lára rẹ̀. Mo tì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀ mi. Kí n tó dé ìdí igi, mo ti tún rí sẹ́ǹtì mẹ́wàá onífàdákà méjì.

Bàbá Stancik wá pẹ̀lú bébà rẹ̀. "Tobin, ìlà tìrẹ ńkọ́?"

"Ó mọ́, Bàbá."

"O wa gbogbo ohun tó ké?"

"Gbogbo rẹ̀." Ó wo àpò mi tó wú, ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó pe àwọn yòókù: "Ẹ wá wo pàǹtí tí ọmọ yìí kó. Ẹ̀yin ń ṣàròyé." Ó kọ "mọ́" síwájú nọ́ńbà mẹ́rin. Jolene dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àwo páì tó ti ṣófo. Ó ń wo koríko bí ẹni tí ẹnì kan purọ́ mọ́, tí kò sì mọ ẹni náà. Nígbà tí a padà síbí, gbogbo wọn da pàǹtí wọn sínú ìgò, èmi ni mo da tèmi kẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà a kò tíì jáde mọ́, kò sẹ́ni tó tún da nǹkan sí i.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ "mọ́" yẹn ṣe. Curtis Hatch tọ Bàbá wá pé kó bá òun kọ lẹ́tà nípa àwárí náà. Olóòótọ́ ni Bàbá, ohun tí a sọ fún un ló kọ: a wá gbogbo ibẹ̀, ìlà mẹ́jọ ló mọ́, òrùka kò sí ní pákì. Curtis gbé lẹ́tà náà lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú Jolene. Wọ́n dá a sílẹ̀ di ọjọ́ kóòtù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Peg ló sọ fún mi ní ibi tí a ti ń ra dónọ́ọ̀tì. Ó ní, "Ó dára tí a lọ, àbí? Bí kì í bá ṣe àwa ni, wọn ì bá ṣì máa bá obìnrin yẹn fa ọ̀rọ̀ pákì." Dónọ́ọ̀tì tó wà lẹ́nu mi di iyanrìn. N kò lè gbé e mì, n kò sì lè tu ú níwájú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti sùn dáadáa. Àárọ̀ mẹ́rin ni mo fi padà sí Kessler. Mo ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ gbayawu, mo jẹ́ kí ohun gbogbo ké. Mo wa ìlà kẹrin títí ọwọ́ mi fi bó, mo kó etí agolo tó kún garawa, mo ń wo ìkọ̀ọ̀kan wọn níwájú àti lẹ́yìn. Òrùka kò sí. Nígbà náà ni ẹ̀rù tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ wá mú mi: bóyá ẹlòmíì ti ṣa á, bóyá ẹ̀rọ tó ń gé koríko ti gbé e lọ, tí n kò ní lè tún un ṣe láéláé. Mọ́tò ọlọ́pàá kan dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní àárọ̀ kẹta. Ọlọ́pàá náà yọ orí, ó ní, "Ọ̀rẹ́, kí lò ń wá?" Mo ní, "Owó ẹyọ, sà." Ó ní, "Ṣé o ń rí i?" Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní, "Bí o bá di olówó, má gbàgbé mi o," ó sì lọ.

Ní àárọ̀ kẹrin, mo bá ènìyàn nínú ìlà náà. Jolene ni. Ó wà lórí eékún, ó ń fi ìka ya koríko bí ẹni tó ń wá iná lórí ọmọ. Mo fẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n ó ti rí mi. "Háà, àbúrò mi. Ìwọ náà kò tíì sinmi? Ọlọ́run á san án fún ọ." Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ́wọ́. Mo béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Ó ní Ìyá Lorene pe òun ní bòókẹ́lẹ́, ó ń sunkún, ó ní òun mọ̀ pé kò jí i, ṣùgbọ́n Curtis ló ń darí gbogbo nǹkan. Ó wá sọ pé, "Lọ́yà ní kí n jẹ́wọ́. Ó ní bí mo bá gbà níwájú adájọ́ pé mo jí i, wọn ò ní tì mí mọ́lé. Ṣùgbọ́n mi ò ní lè tọ́jú arúgbó kankan mọ́ láyé mi. Orúkọ mi á wà nínú ìwé wọn. Kò síṣẹ́ míì tí mo mọ̀."

"Ẹ má gbà," ni mo sọ.

"Lẹ́tà yín ńkọ́? Lọ́yà ní ta ló máa gba ọ̀rọ̀ èmi gbọ́, nígbà tí àwọn tí kò mọ̀ mí rí, tí kò gba kọ́bọ̀, ti sọ pé kò sí níbẹ̀?" Ó fọwọ́ gbá eékún rẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá mọ̀, ì bá jẹ́ pé mi ò pè yín." Kò sọ ọ́ bí ẹ̀gàn. Bí ó bá bú mi ni, ì bá sàn.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Ó ti dé ètè mi. Dípò ìyẹn, mo kúnlẹ̀, mo bá a ya koríko. Mo jẹ́ kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo rò pé ìyẹn ni ibi tó burú jù tí mo lè dé. Ó ku ibì kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lọ́yà Jolene pe Bàbá, ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó rin ìlà kọ̀ọ̀kan àti bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ wọn. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Èmi ni mo ń tọ́jú fáìlì. Kí Bàbá tó béèrè bébà ìlà lọ́wọ́ mi, mo ti yọ ọ́, mo ti ya á wẹ́wẹ́, mo ti dà á sínú omi. Mo sọ fún un pé n kò rí i. Ìdí nìyẹn tó fi pè wá jọ lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tó rin ìkínní sọ̀rọ̀, ẹni tó rin ìkejì, ìkẹfà, ìkeje, ìkẹjọ. Bàbá sọ pé òun rin ìlà méjì, òun rántí ìkẹta dáadáa. Ó wá béèrè ẹni tó rin ìkẹrin.

Mo gbọ́ ohùn ara mi. Mo ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà ni? Ìkẹta àti ìkẹrin, wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Èmi ni mo rin ìkarùn-ún."

Ó wò mí pẹ́. Kì í ṣe ìfura ló wà lójú rẹ̀. Ó ń wá ọjọ́ yẹn nínú orí rẹ̀, kò sì rí i, ọmọ tó fẹ́ràn sì ti nawọ́ rẹ̀ sí i. Ó ní, "Bí o ṣe sọ ọ́ yìí, ó jọ òótọ́." Ó yọ ẹ̀rọ kékeré tó fi ń gbọ́ràn kúrò létí, ó gbé e sórí tábìlì, lẹ́bàá ìgò. "Nígbà náà, etí mi ni. Mo ti mọ̀ pé ó ń kú lọ, mo kàn ń tan ara mi. Màá lọ sọ fún adájọ́."

Peg ní, "Adájọ́ á béèrè, Bàbá: ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ fo òrùka kọjá?"

"Màá ní n kò mọ̀."

"Ẹ ò tíì sọ nǹkan kan nìyẹn. Wọ́n á ní àgbàlagbà ń ṣàánú rẹ̀."

Bàbá ti ń dìde lórí àga. Bóyá kò gbọ́. Nígbà tí a ń lọ, ó gbé ẹ̀rọ awárin rẹ̀ tó ti lò fún ọgbọ̀n ọdún, ó gbé e fún mi. Ó ní, "Ìwọ ni kó o máa lò ó. Etí rẹ ṣì mú." Mo gbà á. Ẹ gbọ́ mi? Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo gbà á, mo ní ẹ ṣeun, Bàbá.

Ó wà lórí tábìlì yìí báyìí. Mo gbé àbọ̀ dọ́là àti sẹ́ǹtì mẹ́wàá méjì náà lé e lórí. Ọ̀la, kí aago mẹ́sàn-án tó lù, màá wà ní kóòtù kí Jolene tó la ẹnu, màá sọ fún lọ́yà rẹ̀ àti fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kò wá ìlà kẹrin lọ́jọ́ náà, pé mo purọ́, pé mo ba ìwé jẹ́. Ẹ̀rù bí mi ó ṣe sọ ọ́ ń bà mí. Bóyá wọn ò ní gbà mí gbọ́, nítorí òrùka ṣì wà níbi tó wà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo ní. Bóyá èmi ni wọ́n máa tì mọ́lé. Jolene, ẹ̀gbọ́n mi, mo tọrọ àforíjì, bí ẹ kò bá fún mi, ẹ ò ṣe àìdára. Bàbá Stancik, etí yín kò kú. Ìkẹta àti ìkarùn-ún lẹ rìn, ẹ sì wa gbogbo ohun tó ké. Ẹ dákun, ẹ gba ẹ̀rọ yín padà. Ìyá Lorene, mo fi fàdákà àwọn òkú pààrọ̀ òrùka yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, tí ẹ fẹ́ràn bọ́tìnì bíi tèmi: ohun tí ẹ bá pa lẹ́nu mọ́ kò kúrò nílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kàn sọ ara yín di adití.

Ó yẹ kí n to ohun gbogbo tó jáde láti ìlà kẹrin síbí, kí ẹnikẹ́ni má baà tún sọ pé mo fi nǹkan pamọ́. Àbọ̀ dọ́là kan. Sẹ́ǹtì mẹ́wàá méjì. Etí agolo mẹ́fà tí mo wà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, àwọn tí mo fi ọwọ́ ha lójú koríko kí àpò lè wúwo, àti ẹ̀kúnwọ́ tó wà lórí àbọ̀ dọ́là. Mélòó ni wọ́n? N kò mọ̀. N kò kà wọ́n. Gbogbo etí agolo tí mo wà ní àárọ̀ mẹ́rin yẹn ni mo wò níwájú àti lẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn ti ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo fi bíírò sílẹ̀ nígbà tí mo dé ibẹ̀ yẹn. Òrùka tó bọ́ ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú kò ní tíì wọlẹ̀. Ojú koríko ló máa wà.

Ìgò náà wúwo, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi yí i. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé. Tèmi ló wà lókè pátápátá, ẹrẹ̀ ara rẹ̀ ti gbẹ, ó ti ń já wẹ́wẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ní ìhà tó kọjú sí àga Bàbá, lára gíláàsì níbẹ̀, láàárín etí agolo méjì tó ti funfun, ohun rìbìtì kan wà tí kò ní ahọ́n bíi tiwọn. Ó tinrin. Ó pọ́n. Àmì pẹlẹbẹ kan wà lára rẹ̀.